Bí o ṣe lè fi fóònù rẹ wọnú orin rọ́ọ̀kì àtijọ́, kọjá orin kan ṣoṣo

Ní òpin oṣù karùn-ún ọdún 2022, orin Kate Bush kan, "Running Up That Hill", dún nínú eré Stranger Things lórí Netflix. Ọdún 1985 ni orin náà ti jáde, ipò kẹta ló sì dé lórí àtẹ orin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà. Lẹ́yìn ọdún 37, ó gun ipò kìíní. Lóṣù keje, eré yẹn kan náà gbé "Master of Puppets" ti Metallica jáde, orin ọdún 1986 tó gùn ju ìṣẹ́jú 8 lọ, ó sì wọ àtẹ Hot 100 ti Billboard ní Amẹ́ríkà fún ìgbà àkọ́kọ́. Ọdún 2020 ṣáájú ìyẹn, fídíò TikTok ọkùnrin kan tó ń fi pátákó ẹlẹ́sẹ̀ táyà ṣeré lọ lójú títì, tó ń mu omi èso látinú ìgò, ti gbé "Dreams" ti Fleetwood Mac padà sórí àtẹ. Ọdún 1977 lorin yẹn ti kọ́kọ́ gbòde.

Inú mi máa ń dùn tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀. Ohun tó ń dùn mí ni pé ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ò kọjá orin kan yẹn. Wọ́n á gbọ́ ọ títí yóò fi sú wọn, áàpù á wá máa gbé orin mẹ́wàá tí gbogbo ayé ti mọ̀ fún wọn, Queen kan, AC/DC kan, Eagles kan, ó parí. Bẹ́ẹ̀, gbogbo àwo tí àwọn olórin yẹn ṣe láyé wọn ló wà nínú fóònù kan náà, tí ẹnikẹ́ni ò ṣí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ ti rí orin kan, tẹ́ ẹ ò mọ ibi tẹ́ ẹ máa gbà lọ ni mo kọ èyí fún. Spotify ni mo máa fi ṣe àpẹẹrẹ jù, nítorí òun ni mo mọ tinú-tẹ̀yìn. Tó bá jẹ́ Apple Music, YouTube Music tàbí Boomplay lò ń lò, wàá rí ohun tó jọ ọ́ níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Rí i dájú pé orin náà gan-an lò ń gbọ́

Tẹ orúkọ orin sínú Search, kí o sì wo ohun tó jáde dáadáa kí o tó tẹ̀ ẹ́. Orúkọ olórin ni kó o kọ́kọ́ wò. Àwọn ẹgbẹ́ kan wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa sín orin olórin jẹ, wọ́n á sì kọ "Tribute" tàbí "Karaoke" sí i ní lẹ́tà kékeré. Èkejì, wo ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé orúkọ orin. "Live" túmọ̀ sí pé orí ìtàgé ni wọ́n ti gbà á sílẹ̀. "Remastered 2009" tàbí ọdún mìíràn túmọ̀ sí pé orin àtijọ́ yẹn náà ni, ohùn rẹ̀ ni wọ́n tún ṣe kó mọ́ sí i. Kò sí wàhálà nínú ìyẹn. Tó o bá rí "Re-recorded", ìyàtọ̀ wà: olórin náà ti padà sí ilé ìgbohùnsílẹ̀ lọ tún un kọ, nígbà mìíràn lẹ́yìn ogún ọdún, tí ohùn ti yí padà. Def Leppard ṣe é ní ọdún 2012. Àwọn àti ilé iṣẹ́ tó ń ta àwo wọn kò fẹnu kò lórí owó orí íntánẹ́ẹ̀tì, ni wọ́n bá tún díẹ̀ nínú àwọn orin tó mú wọn lókìkí kọ látìbẹ̀rẹ̀. Ọdún 2018 ni ojúlówó tó wọlé sórí áàpù.

Má fi gbogbo ara gbẹ́kẹ̀ lé ọdún tí áàpù kọ síbẹ̀ o. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọdún tí wọ́n tún àwo náà tẹ̀ ni. Orin ọdún 1968 lè máa jẹ́ 2015 lójú Spotify, pàápàá tó bá jẹ́ pé inú àkójọ "Greatest Hits" lo ti rí i. Kó o tó gbà pé o mọ ọdún orin kan, wá àwo tó ti kọ́kọ́ jáde.

Tó o bá wá olórin kan tí o ò rí i, ó lè jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ni kò fẹ́. Àwọn àgbà rọ́ọ̀kì pẹ́ kí wọ́n tó gbà. Ìparí ọdún 2013 ni Led Zeppelin wọ Spotify, AC/DC wọlé lọ́dún 2015, ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kejìlá ọdún yẹn kan náà ni Beatles dé. Neil Young kó orin tirẹ̀ kúrò lórí Spotify ní oṣù kìíní ọdún 2022 nítorí ètò kan tó ní ó ń tan irọ́ kálẹ̀ nípa abẹ́rẹ́ àjẹsára kòrónà, ọdún 2024 ló tó dá a padà. Nítorí náà, tí áàpù kan ò bá ní in, wá a lórí òmíràn.

Ìgbésẹ̀ kejì: Tún áàpù rẹ tò

Bọ́tìnì mẹ́ta ló ń ba àwo orin àtijọ́ jẹ́, pa gbogbo wọn.

Shuffle ni àkọ́kọ́. Ó máa ń da orin rú, tí orin kẹsàn-án á ṣáájú èkejì. Àwọn tó ṣe àwo nígbà yẹn jókòó, wọ́n jiyàn lórí èyí tó yẹ kó ṣáájú àti èyí tó yẹ kó kẹ́yìn, nítorí pé àwo oníkẹ̀kẹ́, ìyẹn àwo ńlá tí wọ́n máa ń fi abẹ́rẹ́ lù nígbà yẹn, ní ojú méjì, ojú kọ̀ọ̀kan ló sì ní ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin tirẹ̀. Èkejì ni Crossfade, tó wà nínú Settings. Ó máa ń jẹ́ kí orin kan bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé nígbà tí èyí tó wà níwájú rẹ̀ ò tíì tán. Ó dára níbi àríyá, kò dára fún àwo. Dá a padà sí 0, ṣùgbọ́n jẹ́ kí Gapless wà ní títàn, nítorí òun ni kì í jẹ́ kí àlàfo wà láàárín orin tí wọ́n so pọ̀ mọ́ra. Ẹ̀kẹta ni Autoplay. Tí àwo bá parí, tí Autoplay ṣì wà ní títàn, áàpù á kàn máa gbé orin tó wù ú tẹ̀ lé e, o ò sì ní mọ ìgbà tí àwo náà tán.

Ọ̀rọ̀ dátà wá kù. Níbi tí o ti ń yan bí ohùn ṣe máa mọ́ tó nínú Settings, Normal ti Spotify ń lo kílóbíìtì 96 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, High ń lo 160, Very High ń lo 320. Tó o bá ṣírò rẹ̀, àwo oníṣẹ́jú 43 á jẹ nǹkan bí 31 MB lórí Normal, nǹkan bí 52 MB lórí High, àti bí 103 MB lórí Very High. Lórí íápíìsì lásán, nínú ọkọ̀ tó ń pariwo, Normal tó. Tó o bá ń sanwó Premium, fi àwo náà pamọ́ sórí fóònù níbi tí Wi-Fi wà, kó o sì máa gbọ́ ọ láìná kọ́bọ̀ lórí dátà. Kó o ṣáà rántí tan íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀kan ó kéré tán láàárín ọjọ́ 30, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọn á yọ ọ́ kúrò. Má ṣe gbọ́ orin lórí fídíò YouTube tó bá jẹ́ pé ohùn nìkan lo fẹ́, àwòrán ló ń jẹ dátà jù.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Gbọ́ odindi àwo

Ibí gan-an lọ̀rọ̀ wà. Tẹ orúkọ àwo tó wà lábẹ́ orin tí o fẹ́ràn, padà sí orin àkọ́kọ́, kó o sì jẹ́ kó lọ dé òpin. Àwo àtijọ́ kì í sábà ju ìṣẹ́jú 45 lọ, nítorí pé ohun tí àwo oníkẹ̀kẹ́ lè gbà kò pọ̀ jù bẹ́ẹ̀. Àkókò tí o fi ń pọnmi tàbí tí o fi ń jókòó nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ti tó o.

Ẹ jẹ́ ká mú Rumours ti Fleetwood Mac, tó jáde ní oṣù kejì ọdún 1977. "Dreams" ni TikTok fún ọ. Stevie Nicks ló kọ ọ́, òun ló sì ń fi ohùn pẹ̀lẹ́ bá ọkùnrin kan tó fẹ́ fi í sílẹ̀ sọ̀rọ̀. Orin kejì nìyẹn lórí àwo. Tó o bá dúró, wàá dé ìkarùn-ún, "Go Your Own Way". Lindsey Buckingham ló kọ ìyẹn, òun ni ọkùnrin tí Stevie ń bá wí, òun náà sì ń fi ìbínú dá a lóhùn. Stevie Nicks wà níbẹ̀ tó ń gbe orin náà lẹ́yìn, orin tí wọ́n fi ń bú u! Tún lọ síwájú dé ìkẹjọ, "You Make Loving Fun". Christine McVie ló kọ ọ́ fún ọ̀rẹ́kùnrin rẹ̀ tuntun. Ta ló ń ta gìtá báàsì lábẹ́ rẹ̀? John McVie, ọkọ rẹ̀ tí àwọn méjèèjì ń kọ ara wọn sílẹ̀ lọ́wọ́ nígbà náà. "The Chain" tó bẹ̀rẹ̀ ojú kejì nìkan ni gbogbo àwọn márààrún fi orúkọ sí pé àwọn jọ kọ. Ẹni tó gbọ́ "Dreams" ní ìgbà ẹgbẹ̀rún lórí TikTok kò mọ̀ pé ìdajì ìjà lòun gbọ́.

Ṣọ́ra fún àwo "Deluxe" àti "Super Deluxe" níbi yìí. Orin 11 ni Rumours ní nígbà tó jáde. Àwọn ẹ̀yà tó gùn lórí áàpù ti fi orin ìdánwò, orin orí ìtàgé àti èyí tí wọ́n yọ sílẹ̀ nígbà náà kún un, títí kan "Silver Springs", tí wọn ò fi sórí àwo lákọ̀ọ́kọ́. Orin tó dára púpọ̀ ni, mo sì fẹ́ kó o gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí o bá ti gbọ́ àwo náà bó ṣe wà. Wá ẹ̀yà tí orin rẹ̀ kéré jù, òun ló sábà máa ń jẹ́ àwo gan-an.

Lẹ́yìn rẹ̀, mú The Dark Side of the Moon ti Pink Floyd, ọdún 1973. Ìró ọkàn tó ń lù kì-kì ló fi bẹ̀rẹ̀, òun náà ló sì fi parí, orin kan ń ṣàn wọnú èkejì. Àwo yìí ló máa jẹ́ kó o mọ ìdí tí mo fi ní kó o pa Shuffle àti Crossfade.

Ẹ̀kẹta tí mo máa fún ọ ni àwo kẹrin Led Zeppelin, ọdún 1971. Orin 8 péré ló wà níbẹ̀. Gbogbo ayé ló mọ "Stairway to Heaven", ṣùgbọ́n lọ sí èyí tó kẹ́yìn, "When the Levee Breaks", kó o sì ki íápíìsì bọ etí. Ìlù tó fi bẹ̀rẹ̀ yẹn, John Bonham ló ń lù ú. Inú ilé àtijọ́ ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Headley Grange ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n wà. Wọ́n gbé ìlù sí ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn, wọ́n wá so maikirofóònù méjì kọ́ sókè àtẹ̀gùn náà, tó jìnnà sí i. Ohun tí ò ń gbọ́ kì í ṣe ìlù nìkan, ilé náà ń dáhùn pẹ̀lú. Àwọn olórin rap ti gé ìlù yẹn lò láìmọye ìgbà, ó sì ṣeé ṣe kó o ti gbọ́ ọ rí tí o ò mọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Kọ́ áàpù ní ohun tí o fẹ́

Áàpù kò mọ ohun tó dára. Ohun tó mọ̀ ni pé àwọn tó gbọ́ orin yìí tún gbọ́ tọ̀hún, á sì gbé tọ̀hún fún ọ. Ìdí nìyí tó fi ń gbé orin mẹ́wàá kan náà kiri. Ìwọ lo máa yí i padà. Tí orin kan bá wọ̀ ọ́ lọ́kàn, tẹ àmì tó máa fi í pamọ́. Tí o bá gbọ́ àwo dé ìparí, áàpù ń rí i. Tí o bá fò orin kọjá ní kíá, ó ń rí ìyẹn náà, Spotify kì í tilẹ̀ kà á pé ẹnikẹ́ni gbọ́ orin àfi tó bá tó ìṣẹ́jú àáyá 30. Nítorí náà, fún orin àtijọ́ ní sùúrù, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í tètè dé ibi tó dùn.

Tó o bá ní àbúrò tó máa ń gba fóònù rẹ fi gbọ́ orin ọmọdé, tan Private session kó o tó gbé e fún un, kí áàpù má bàa ka orin ọmọdé mọ́ ohun tí ìwọ fẹ́. Tó bá jẹ́ pé àkójọ orin tí o fi ń sùn ló ń da áàpù láàmú, tẹ àmì tóótòòtó mẹ́ta lórí rẹ̀, kó o sì yọ ọ́ kúrò nínú taste profile rẹ, ìyẹn ohun tí áàpù fi ń mọ irú orin tí o fẹ́ràn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wo Discover Weekly, àkójọ orin tí Spotify ń ṣà fún ọ, tó ń jáde lọ́jọ́ Ajé. Wàá rí i pé ó ti ń gbé orúkọ tí o ò gbọ́ rí wá.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀: o lè tẹ ọdún sínú Search. Kọ year:1971, tàbí year:1968-1972, kó o sì fi orúkọ olórin tàbí irú orin tẹ̀ lé e. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju gbogbo ohun tí áàpù ń dábàá fúnra rẹ̀ lọ. Ọ̀fìn ọdún tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ṣì wà níbẹ̀ o.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ka orúkọ àwọn tó kọ orin

Tẹ àmì tóótòòtó mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ orin, wá Credits. Lábẹ́ "When the Levee Breaks" wàá rí orúkọ Memphis Minnie pẹ̀lú ti Led Zeppelin. Obìnrin dúdú ọmọ Amẹ́ríkà ni, òun àti Kansas Joe McCoy ló gba orin náà sílẹ̀ ní 1929, nípa àkúnya odò Mississippi ti ọdún 1927. Tẹ orúkọ rẹ̀, gbọ́ tirẹ̀. Gìtá méjì àti ohùn ni, kò sí ìlù kankan.

Má fo ìgbésẹ̀ yìí. Àwa èèyàn dúdú la ni gbòǹgbò rọ́ọ̀kì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú àwọn òyìnbó tó mú gìtá dání ló kún ara àwọn àwo. Sister Rosetta Tharpe ti ń fi gìtá oníná kọrin ìyìn kí ọ̀pọ̀ nínú wọn tó dé ilé ìwé. Chuck Berry gbé "Johnny B. Goode" jáde ní 1958. Orúkọ orin Muddy Waters kan ni Rolling Stones fi sọ ara wọn. Nígbà mìíràn, wọ́n gba orin náà láìdárúkọ ẹni tó ni ín: "Whole Lotta Love" ti Led Zeppelin jáde lọ́dún 1969, àfìgbà tí Willie Dixon pè wọ́n lẹ́jọ́ lọ́dún 1985 kí orúkọ rẹ̀ tó wọ ibẹ̀. Bí o bá ń ka Credits, wàá mọ ẹni tó yẹ kó o dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Wá ti Èkó

Ginger Baker, onílù ẹgbẹ́ Cream, wa ọkọ̀ Range Rover la aginjù Sàhárà kọjá wá sí Nàìjíríà lọ́dún 1971. Lọ́dún yẹn kan náà ni àwo tí òun àti Fela ṣe pọ̀ jáde. Ó kọ́ ilé ìgbohùnsílẹ̀ sí Ìkẹjà. Lọ́dún 1973, Paul McCartney ti Beatles náà wá sí Èkó pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ Linda àti Denny Laine, láti wá ṣe àwo Band on the Run. Méjì nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ ti kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó wọ bàálù, onílù wà lára wọn, ló bá di pé McCartney fúnra rẹ̀ ló lu ìlù inú àwo náà. Ilé ìgbohùnsílẹ̀ EMI ní Wharf Road, Àpápá, ni wọ́n ti ṣe èyí tó pọ̀ jù. Àwọn olè fi ọ̀bẹ dá òun àti Linda dúró lálẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n sì gba téèpù tí àwọn orin náà wà nínú rẹ̀. Fela fẹ̀sùn kàn án pé orin ilẹ̀ Áfíríkà ló wá jí, McCartney bá gbé orin tó ti gbà sílẹ̀ jáde, ó ní kó wá gbọ́ ọ bóyá ohun Áfíríkà kan wà níbẹ̀. Gbọ́ "Picasso's Last Words" nínú àwo náà: ilé ìgbohùnsílẹ̀ Ginger Baker ní Ìkẹjà ni wọ́n ti gba ìyẹn, agolo tí òkúta wẹ́wẹ́ wà nínú rẹ̀ ni Baker ń mì.

Lọ́dún yẹn kan náà, àwọn ọmọ tiwa ń ṣe rọ́ọ̀kì tiwọn. Tẹ BLO sínú Search, kó o sì wá Chapter One. Lẹ́tà orúkọ àwọn mẹ́ta ni: Berkley Jones lórí gìtá, Laolu Akins lórí ìlù, Mike Odumosu lórí báàsì. Tó o bá gbọ́ bí gìtá yẹn ṣe ń han, tí ìlù sì ń sọ èdè tí o mọ̀ lábẹ́ rẹ̀, wàá yà á sọ́tọ̀ sí ti London. Laolu Akins yìí náà ló wá di agbátẹrù orin tó ṣe Ace fún Shina Peters lọ́dún 1989. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹni tó lu ìlù rọ́ọ̀kì yẹn wà nídìí àwo tí wọ́n fi jó ní gbogbo òde àríyá ilẹ̀ Yorùbá.

Lẹ́yìn BLO, wá Try and Love ti Ofege. Ọmọ ilé ìwé St. Gregory's College ní Ọbáléndé ni wọ́n nígbà tí wọ́n ṣe é lọ́dún 1973, ó ṣeé ṣe kí wọ́n má dàgbà tó ọ. Tún wá Monomono ti Joni Haastrup, tó ti bá ẹgbẹ́ Ginger Baker tẹ dùùrù. Ilé iṣẹ́ òkè òkun ló tún ọ̀pọ̀ nínú àwọn àwo wọ̀nyí tẹ̀, nítorí náà ọdún 2000 sókè ni áàpù sábà máa kọ síbẹ̀.

Tí àgbà kan bá wà nílé tó ti dàgbà ní Èkó tàbí Ìbàdàn láàárín ọdún 1970 sí 1980, gbé Chapter One sí i létí láìsọ orúkọ rẹ̀. Bi í léèrè àwọn ẹgbẹ́ tó lọ wò, ilé ijó tó ń lọ, àti àwo tí bàbá rẹ̀ kò jẹ́ kó fọwọ́ kàn. Kọ gbogbo orúkọ tó bá dá sílẹ̀, kó o sì máa wá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.